Wọ́n Ń Kọ́ Mi Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣubú

Ilé Olówòkéré,
Mahintedo,
Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 1998.

Mabel, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ikọ́ wọn ti lọ? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ní tiwa, a dúpẹ́. Ọkọ mi ṣì wà lójú òkun pẹ̀lú àwọn tó ń wa epo rọ̀bì, Òkìkí ọmọ mi sì ti ń hu eyín.

O rántí pé mo ṣubú lórí afárá pákó tó wọ ilé wa, tòun tọmọ lẹ́yìn mi. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, ekòló a máa bà á lẹ́rù. Láti ìgbà náà, mi ò lè pọn Òkìkí gun pákó mọ́. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi pọ̀n ọ́n, èmi á máa tẹ̀ lé wọn bí àlejò. Ó ń dùn mí, Mabel, torí ọmọ náà ti ń wá wọn ju bó ṣe ń wá mi lọ.

Ni mo bá gbọ́ pé Ọ̀gá Ọlárìndé àti ìyàwó wọn, Àǹtí Rhoda, ń kọ́ èèyàn ní júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, ní Igbókòdá. Bàbá ará Japan kan ló kọ́ àwọn méjèèjì l'Ékòó, ó ti pẹ́. Mo rò pé ìjà ni màá kọ́kọ́ kọ́. Bí a ti bọ́ bàtà, tí a kúnlẹ̀ kí ara wa tán, ìṣubú ni! Ẹ gbé àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ fi apá gbá ẹní, ẹ má séèémí. Gbogbo wa ń já lulẹ̀ gbì, gbì bí èso àgbọn.

Àṣìṣe tèmi ni pé bí wọ́n bá ti gbé mi ṣubú, ọwọ́ mi méjèèjì á sá lọ sẹ́yìn láti di ọmọ mú, bẹ́ẹ̀ kò sọ́mọ níbẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó. Àwọn ọkùnrin tí a jọ ń kọ́ ọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí n fún ọmọ náà lọ́mú kó má bàa sunkún. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún ìyàwó wọn pé ọwọ́ abiyamọ ò lè gbàgbé ẹ̀yìn, kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn fún mi. Ni Àǹtí Rhoda bá pọn àpò iyanrìn kékeré kan mọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n ní, “Ìyá Òkìkí, ọ̀já ló di ọmọ mú. Ọwọ́ tìẹ, ilẹ̀ ni kó lọ bá.”

Wọ́n wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣubú síwájú, kí apá àti àtẹ́lẹwọ́ kọ́kọ́ kan ẹní, kí ojú yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ̀yìn má kan ilẹ̀ rárá. Mo sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́. Nígbà tó yá, àpò náà ń jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn mi.

Ìyá ọkọ mi ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní obìnrin wo ló ń wọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ ìṣubú, ṣé èyí tí mo ṣe nílé ò tó ni? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bá mi lọ, wọ́n gbé ọmọ dání, wọ́n ń wò. Ọkọ̀ gbé wa padà dé ẹsẹ̀ afárá wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní, “Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.” Wọ́n gbé Òkìkí lé mi lẹ́yìn, wọ́n sì bọ́ síwájú láìwẹ̀yìn.

Mo gun un. Ojú pákó ni mo ń wò, mi ò wo omi. Nígbà tí mo fi máa dẹ́nu ọ̀nà, Òkìkí ti sùn fọnfọn, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n kí ọ. Àwọn ló fi edé gbígbẹ tó bá lẹ́tà yìí wá ránṣẹ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,
Àrìnpé.