Ọpẹ́ Tí Mo Dá Ṣáájú

Ọmọ mi àtàtà, alásè inú ọkọ̀ ojú omi,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa wa. Ṣé ara le, ṣé èébì orí omi ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà lábẹ́ ìkòkò rẹ, lọ pa á ná, kí o wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní nígbà tí o gbọ́ pé bàbá rẹ yọ nínú iná, ìwọ àti àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ rẹ kúnlẹ̀ lórí ọkọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo kà á, mo tún un kà. Ọmọ mi, irọ́ ni mo kọ sí ọ nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ò mọ̀ pé irọ́ ni. Bàbá rẹ ti kú. Inú iná yẹn náà ló kú sí. Mo sọ ọ́ ní tààrà báyìí torí pé bí mo bá ní kí n máa yí i po, ìwé á tán, mi ò sì ní tíì sọ ọ́.

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe rí. Iná ràn mọ́ eruku ìyẹ̀fun nínú yàrá tí wọ́n ti ń lọ ọkà. Bàbá rẹ àti Ẹlẹ́fẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ẹnì kan jáde tó ṣì ń mí, ìkejì jóná kọjá ẹni tí ojú lè dá mọ̀. Ẹni tó ń mí ló wọ ẹ̀wù iṣẹ́ tí mo fi òwú pupa kọ “Sùúrù” sí láyà. Ìwọ náà rántí bí ẹ̀wù wọn ṣe máa ń dàrú mọ́ra wọn, títí mo fi mú abẹ́rẹ́, tí mo rán ìnagijẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ fún bàbá rẹ mọ́ tirẹ̀. Orúkọ tí mo fọwọ́ ara mi rán ni wọ́n kà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi báńdéèjì wé e lójú, wọ́n wé e lọ́wọ́, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, kò lè sọ̀rọ̀. Ojú gíláàsì ni wọ́n ti ní kí n máa wò ó. Ìwọ náà mọ̀ pé ìdúró kan náà ni bàbá rẹ àti Ẹlẹ́fẹ̀ ní. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí mi, èmi gan-an ti pe Ẹlẹ́fẹ̀ ní ọkọ mi rí, tó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi parí.

Wọ́n gbé òkú ẹni tó jóná fún ìyàwó Ẹlẹ́fẹ̀, a sì lọ sin ín. Èmi ni mo dì í mú létí sàréè. Mo sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, pé kó má sunkún mọ́, pé Ọlọ́run kì í ṣe àṣìṣe. Mo bu iyẹ̀pẹ̀, mo dà á sí i. Bàbá rẹ ni mo da iyẹ̀pẹ̀ lé lórí, ọmọ mi, tí mo ń tu ẹlòmíràn nínú. Mo padà sílé, mo jẹun, oúnjẹ náà sì dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ní mo fẹ́ dúpẹ́. Pásítọ̀ ní kí n jẹ́ kí ọkọ mi kọ́kọ́ ti ilé ìwòsàn délé ná. Mo ní rárá o, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn ará tò sẹ́yìn mi lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, orin bẹ̀rẹ̀, mo ń jó lọ sí iwájú pẹpẹ. Mo rí i tí nǹkan fà mí láṣọ. Mo bojú wẹ̀yìn, ìyàwó Ẹlẹ́fẹ̀ ni, nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Mo ní kó lọ jókòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín dúpẹ́. Ṣé torí tèmi bàjẹ́, kí tiyín má dáa ni?” Kò lè jó. Ó kàn di etí aṣọ mi mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé mi títí a fi dé pẹpẹ.

Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà ọ̀fun, wọ́n ní kí n wọlé. Ó la ojú kan, ó wò mí, ó ní, “Ẹlẹ́yinjú mi dà?” Bàbá rẹ tí kò pè mí ní nǹkan kan rí ju “Ìwọ obìnrin yìí” lọ. Ta ni kò mọ̀ ní gbogbo àdúgbò wa pé ìyàwó rẹ̀ ni Ẹlẹ́fẹ̀ ń pè ní Ẹlẹ́yinjú? Ó tún ní, “Sùúrù ńkọ́?” Ó ní ikọ́ ń da òun láàmú láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá rẹ sì bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀ tí mo fi aṣọ tó nípọn tẹ́ nínú, ó ní kí àwọn pààrọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Mo rò pé á fò sókè. Ṣe ló dojú bolẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń wí pé, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” bí ẹni tí wọ́n ká olè mọ́ lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà mi ò lọ sí ìjọ, mi ò gbàdúrà. Mo bínú sí Ọlọ́run, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo bi í pé ọpẹ́ tí mo dá yẹn, ta ló gbà á? Pásítọ̀ wá kí mi, ó ní, “Màmá, ẹ mọ̀ pé Ọlọ́run kì í…” Mo wò ó, ó gbé ìyókù mì. Ó jókòó, ó bá mi ká aṣọ bàbá rẹ sínú àpótí. Kò mọ aṣọ ká rárá; nígbà tó lọ tán, mo tún gbogbo rẹ̀ ká.

Ẹlẹ́fẹ̀ padà sílé. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi, ó ní inú yàrá ni àwọn ti máa dúpẹ́, àwọn á ti fèrèsé, kó má baà dà bíi pé àwọn ń fi mí ṣẹ̀sín. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí aṣọ dúdú yẹn lẹ́yìn mi, mo rí ọwọ́ tó di etí aṣọ mi mú. Mo ní kó lọ sọ fún pásítọ̀ pé ìjọ ni wọ́n ti máa ṣe é.

Ní ọjọ́ náà, èmi ni mo wọ dúdú. Ẹlẹ́fẹ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀, ojú rẹ̀ ti di ojú ẹlòmíràn, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìjọ rí mi lórí ìlà, orin fẹ́ẹ̀ dákẹ́. Mo di etí aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú, mo ń tẹ̀lé e. Mi ò jó, ẹnu mi ò gba orin. A dé pẹpẹ, pásítọ̀ ní ká gbọ́wọ́ sókè, mi ò lè gbé tèmi. Mo sọ nínú mi pé, “Olúwa, èyí tí mo dá ṣáájú wà lọ́wọ́ rẹ. Mi ò ní òmíràn lónìí. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni mo gbé wá.”

Nítorí náà, má sọ fún àwọn atukọ̀ pé ọpẹ́ tí ẹ dá ṣòfò. Ẹlẹ́fẹ̀ ń mí, òun lẹ dá a fún. Sunkún bàbá rẹ dáadáa, má gbé e mì. Ọlọ́run tí mò ń bá jà yìí náà ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́: kí omi má gbé ọ, kí iná má jó ọ, kí o padà wá bá mi nílé lẹ́sẹ̀ ara rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
ìyàwó Sùúrù.

Ọ̀rọ̀ ìparí: Káfíńtà ti yọ pátákó orúkọ Ẹlẹ́fẹ̀ kúrò lórí sàréè. Mo ní kó kọ Sùúrù sí tuntun, kó sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́, kó rí bíi ti ara ẹ̀wù. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè bọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni mọ́.