Ojú Ló Ń Gun Kẹ̀kẹ́

                                        Yàrá Òkè, Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Nọ́ọ̀sì Ojú,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ní òun ò ní bọ́ bàtà tuntun òun kí òun tó sùn? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ tiwọn díẹ̀díẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ ní ọsibítù o, ẹ sì kú àfaradà àwọn tó ń bá yín jà pé àwọn rí lẹ́tà ara ògiri tí ẹ fi ń yẹ ojú wò, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n há a sórí. Ní tèmi, ara le, àfi egungun tó ń dùn mí níbi tí n kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ní egungun.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́, torí ẹnu àbúrò mi kì í dákẹ́. Òótọ́ ni o. Lọ́jọ́ Sátidé yìí, èmi tí mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti kékeré, mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti ṣóńṣó òkè dé ìsàlẹ̀ nínú ìdíje, lójú gbogbo ayé. Má tíì rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ṣòkòtò ló fà á. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè máa ń kó ṣòkòtò wọn wá kí n bá wọn lẹ̀ ẹ́. O mọ̀ mí, ohun tí kò bá yé mi kì í jẹ́ kí n sinmi. Mo ṣàkíyèsí pé ìdí òsì ló máa ń ya. Ti ẹni tó sanra, ti ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́, t'ọkùnrin t'obìnrin, ìdí òsì ṣáá ni. Ṣé àwọn èèyàn yìí ò ní ìdí ọ̀tún ni? Mo bi wọ́n, wọ́n ní kí n wá wò ó fúnra mi. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí ẹnì kan tó fi kẹ̀kẹ́ fò láti orí àpáta, tó balẹ̀, tó sì ń bá tiẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe. Háà! Ẹnu mi ò padé mọ́. Mo ní kí wọ́n yá mi ní kẹ̀kẹ́ kan kí n kàn tọ́ ọ wò. Ìtọ́wò náà ló di oúnjẹ o.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà ló ń kọ́ wa. Bàbá Má-Fún-Un là ń pè wọ́n. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, tí ẹ̀rù bà wá, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún bíréèkì bí ẹni ń fún aṣọ tútù, igbe wọn nìyẹn: "Má fún un! Má fún un!" Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, n kò mọ̀. Ẹnì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n fún òun lómi mu. Bí mo ṣe na ike omi sí i báyìí ni mo gbọ́ "Má fún un!" Kíá, mo fà á padà. Ẹni ẹlẹ́ni la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo rò pé bóyá wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ mu omi ni, bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Títí dòní, n kò lè na nǹkan sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n má pariwo rẹ̀ lé mi lórí.

Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ àpáta tí mo sọ yẹn. Ó ga tó èèyàn tó dúró, kùkùté igi kan sì wà lápá òsì níbi tí kẹ̀kẹ́ máa balẹ̀ sí. Bàbá ní ẹni tí kò bá ti orí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lójú òun kó tó di Ọjọ́bọ̀ kò ní gba nọ́ńbà ìdíje. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbìyànjú, gbìì lórí kùkùté, ìdí òsì! Èmi alára wá di ẹni tó ń lẹ ṣòkòtò ara rẹ̀.

Màmá mi kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti já láti orí òrùlé tí wọ́n ń kàn, tí wọn ò dìde mọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù, Màmá á ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Ẹni tó gun òkè ni mo mọ̀ pé wọ́n ń kí kú oríire. Èwo ni ti ẹni tó ń sáré sọ̀kalẹ̀? Ta ló ń lé ọ?" Wọ́n ní àwọn ò ní wá, pé ojú àwọn ò ní rí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó dùn mí wọra. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ni mo ń wá, ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ kí ìyá mi rí ẹnì kan tó ti ibi gíga dé ilẹ̀, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá wọn.

Lánàá ni Bàbá Má-Fún-Un pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí ni mo máa ń wò bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀. Mo ní táyà iwájú ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. "Aránṣọ ni ọ́ lóòótọ́!" Àbí o ò rí i? Ẹni tó ń ránṣọ kì í gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìka ara rẹ̀ ló máa rán mọ́ aṣọ. Mo ti sọ táyà di abẹ́rẹ́! Bí mo bá sì jàjà gbójú sókè, kùkùté tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni mo máa ń tẹjú mọ́. Bàbá ní kẹ̀kẹ́ ò mọ̀ pé n kò fẹ́ lọ síbẹ̀, pé ibi tí mo bá wò ló máa gbé mi lọ. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ṣòkòtò tó yé mi. Kùkùté ni gbogbo wọn ń wò! Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́wọ́, títí kan èyí tó máa ń fọ́nnu jù.

Bàbá lọ dúró sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní fìlà pupa orí àwọn ni kí n máa wò. Mo wo fìlà. Ọwọ́ ń wá bíréèkì, mo ṣáà ń wo fìlà. N kò mọ ìgbà tí àpáta tán lábẹ́ mi. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń lọ, mo sì ń ké bí ọmọ tí wọ́n gbé jù sókè. Mo ti gba nọ́ńbà o!

Ìwọ tí o mọ tinú tẹ̀yìn ojú, dákun là mí lọ́yẹ. Ṣé ọwọ́ ò ní ọgbọ́n tirẹ̀ ni, àfi kó tẹ̀lé ojú? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn? Àwọn àgbà ní ohun tójú ń wá lojú ń rí. Kí ló wá dé tó jẹ́ ohun tí à ń sá fún gan-an lojú máa ń wá kiri? N kò tíì rí ẹni tó máa dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo délé, Màmá ní kí n jókòó. Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, wọ́n tẹ ìkejì, wọ́n tẹ orúnkún méjèèjì, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á. Nígbà tí wọn ò rí ibi tó ṣẹ́, wọ́n ní, "Níbo làwọn òǹwòran máa ń dúró sí?" Ọ̀rẹ́ mi, omi bọ́ lójú mi pòròpòrò.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mo ti rán aṣọ wọn tán. Àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀ gba ọ̀dọ̀ yín lọ́la ló máa mú lẹ́tà yìí wá, òun náà ló máa gbé ọ bọ̀, torí mo bẹ̀ ọ́, wá lọ́jọ́ Sátidé. Má jẹ́ kí Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rárá. Mo mọ ara mi: àwọn ni mo máa wò, kẹ̀kẹ́ á sì gbé mi yà bàrá síbẹ̀. Mú wọn lọ sísàlẹ̀ pátápátá, sẹ́yìn àwọn táyà tí wọ́n tò sí òpin ìdíje, sí àárín gbùngbùn. Bí wọ́n bá fẹ́ sá, dì wọ́n mú. Àwọn ni n ó máa wò láti òkè wá.

Èmi ni tìrẹ, tọkàntọkàn,

Aránṣọ orí òkè