Bíréékì tí Ọ̀rẹ́ Rẹ Tún Ṣe

Àbúrò mi,

Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Màámi ti ń yá, orúnkún nìkan ló kù.

Ọ̀rẹ́ rẹ mẹkáníìkì ti pààrọ̀ páàdì bíréékì jíìpù àtijọ́ tá a fi ń gbé Màámi lọ sọ́sibítù. Látìgbà náà, tí mo bá tẹ bíréékì, ẹsẹ̀ mi á rì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Àfi kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó le. Afẹ́fẹ́ ló fi sílẹ̀ nínú páìpù ọ́ìlì bíréékì. Aláìnítìjú náà wá ní èmi ni mi ò mọ bíréékì í tẹ̀.

Mo ní kó gbé ìyá tiẹ̀ sínú ẹ̀, kó wà á sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ilé wa. Ó ní ìyá òun á kúkú fẹsẹ̀ rìn.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Bá wa wá mẹkáníìkì, má wá ọ̀rẹ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.