Má Kó Ọmọ Oyin Wá sí Orégùn

Orégùn, lẹ́bàá Ìkẹjà,
Oṣù Kọkànlá, 1958.

Sìlífátù Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ará Lálùpọ̀n tó gbà ọ́ bí ọmọ. Ṣé ara ọmọ ọwọ́ rẹ ti le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ títí, orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní àpótí oyin tí mo fún ọ nígbà tí o ń lọ sílé ọkọ ti kún fọ́fọ́, pé o fẹ́ wọ rélùweè kó afárá mẹ́ta tó kún fún ọmọ oyin wá, kí n fi ran tèmi lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi. Má kó wọn wá.

O rántí àpótí tí à ń pè ní Ìyá Ọlọ́mọ. A kì í mú oyin nínú rẹ̀, ọmọ nìkan là ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àpótí kan bá ti fẹ́ dá páropáro, màá yọ afárá ọmọ níbẹ̀, màá gbọn àwọn àgbà kúrò lára rẹ̀, màá so ó mọ́ inú èyí tí kò lágbára. Àwọn ọmọ á jáde síbẹ̀, wọn á sì sọ ibẹ̀ di ilé.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gé igi obì tó yí wa ká kí wọ́n lè kọ́ ilé iṣẹ́ ni àwọn àpótí yòókù ti ń dá. Mo ń yọ ọmọ fún wọn. Bí àwọn yẹn bá ti dàgbà, wọ́n á jáde lọ wá oúnjẹ, wọn kì í padà. Mo tún ń yọ. Alágídí ni bàbá rẹ, o kúkú mọ̀.

Àfi ìgbà tí Olúgbénró, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò, ní kí n wá wo nǹkan. Kòtò kan wà tí wọ́n ń da omi ṣúgà sí. Òkú oyin mi ló kún ojú rẹ̀, wọ́n léfòó bí èèpo ẹ̀wà. Kò sí òdòdó mìíràn tí wọ́n lè lọ bá.

Mo bẹ ọ̀gá ibẹ̀ kí ó fi nǹkan bo kòtò náà. Ó ní oyin mi ń ta àwọn òṣìṣẹ́ òun, kí n kó wọn kúrò kí òun tó dáná sun wọ́n. Mo gbé àpótí kan lọ sí ẹ̀yìn Oko Ọba, níbi tí igi ṣì wà. Wọ́n ṣí lọ, n kò mọ ibi tí wọ́n gbà.

Ìyá Ọlọ́mọ náà ti tán báyìí. Èmi ni mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ tán, tí mo ń kó wọn ránṣẹ́ sí ikú. Ó dùn mí, Àmọ̀kẹ́. Ìyá rẹ ní kí n lọ tọrọ iṣẹ́ ọdẹ ní ilé iṣẹ́ yẹn.

Bí o bá kó ti ọ̀dọ̀ rẹ wá, inú mi á dùn títí wọ́n á fi dàgbà. Lẹ́yìn náà, kòtò yẹn ni wọ́n ń lọ. Jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí òdòdó wà.

Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ tọ́, Ọlọ́run á jẹ́ kó dàgbà lójú rẹ. Àlùbáríkà kò ní kúrò nílé ọkọ rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ,
Làsísì.

Àfikún: Bí ìwé mìíràn bá ti ọwọ́ mi wá, pé mo ti yí ọkàn padà, pé kí o máa kó wọn bọ̀, má dá mi lóhùn. Mo ti kọ irú rẹ̀ ná, mo fà á ya kí n tó kọ èyí.