Èédú Abẹ́ Pèrègún

Bàbá mi àtàtà,

Bí ẹyìn inú pàkúté bá dùn lóòótọ́, ṣé pàkúté náà purọ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ṣé ẹ rántí díṣọ́nárì Gẹ̀ẹ́sì tí mo máa ń kà fún yín lẹ́yìn ìrun iṣái? Ẹ ó wọ gíláàsì yín bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń kà á. Lọ́jọ́ tí a dé orí "entice", mo ní ó túmọ̀ sí kí èèyàn tan ẹlòmíràn jẹ. Ẹ mi orí. Ẹ ní irọ́ ni wọ́n fi ń tanni jẹ, ṣùgbọ́n ẹyìn tí ẹ fi ń dẹ pàkúté fún òkété, ẹyìn gidi ni, ó sì pọ́n. Ẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn. Mo ṣe ti òkété, mo ṣe ti olè. Ẹ ní kí n ṣe ti ara mi, pé ọ̀rọ̀ téèyàn ò tíì fi sọ ti ara rẹ̀, kò tíì di tirẹ̀. N kò rí i ṣe. Ọmọdé ni mí, kí ni mo fẹ́ tí ẹ kò tíì fún mi?

Mo ti rí i ṣe báyìí.

Bàbá Kékeré, Làmídì àbúrò yín, ló ránṣẹ́ pè mí wá láti Òṣogbo pé wọ́n fẹ́ wọn oko wa níbi tó ti bá ti Bàbá Ràímì, ọ̀rẹ́ yín ará Ìfọ́n, pààlà. Mo débẹ̀, mo rí i pé pèrègún ààlà ti rìn. Ó ti kọjá igi obì márùn-ún tí Bàbá Ràímì ní, ó sì ti rúwé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bàbá Kékeré fà mí sẹ́yìn.

"Igi obì wọ̀nyẹn, ìwọ ni n ó fún. Ṣáà dákẹ́. Ẹnu tó dákẹ́ kò purọ́."

Wọn ò tàn mí jẹ, Bàbá. Igi gidi ni, wọ́n sì ń so. Ojú Bàbá Ràímì ti fọ́, ẹ̀yin náà kò sì sí mọ́. Ta ni ì bá mọ̀? Mo dákẹ́ títí tí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fi na okùn dé ìdajì. Mo tilẹ̀ ti ń ronú ẹni tí yóò bá mi ká obì.

Ni Bàbá Ràímì bá béèrè ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kí wọn.

"Háà, ohùn ọ̀rẹ́ mi lèyí."

Ẹsẹ̀ mi gbé mi padà síbi tí ẹ̀yin àti Bàbá Ràímì ti gbin pèrègún lójú mi, lẹ́yìn tí ẹ ti da èédú sísàlẹ̀ kòtò, nítorí èédú kì í jẹrà. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Èédú jáde. Kòtò kejì, èédú. Ìkẹta náà, èédú. Bàbá Ràímì gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò.

"Làmídì, o kó pèrègún, o gbàgbé ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn."

Àwa ará Ìlọ́bù rẹ́rìn-ín, ará Ìfọ́n rẹ́rìn-ín, lásìkò tí ìjà ilẹ̀ kò jẹ́ kí a jọ rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Kékeré fi fìlà bojú. Kí ìrun alásàrí tó tó, pèrègún ti padà sílé.

Ṣé ìwà rere ló mú mi sọ̀rọ̀ ni, àbí ohùn yín tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi ló dójú tì mí? N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kọ gbólóhùn mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú díṣọ́nárì yín: obì márùn-ún fà mí, mo sì padà sí ààlà bàbá mi.

Wọ́n ti ń pe ìrun àsùbáà. Mo ti pa àtùpà.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń kàwé fún yín, tí ìka rẹ̀ ṣì dúdú fún èédú.