Fèrè Tí Mo Fọn fún Tètèdé

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-ìwé.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò ilé. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ara tèmi le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì ń ṣiṣẹ́. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Tètèdé, ajá tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí ẹ ṣí lọ síbi iṣẹ́, ń ṣàìsàn. Kò kú o. Ẹ jókòó, kí ẹ ka lẹ́tà yìí tán.

Lóṣù tó kọjá, ẹ bi mí lórí fóònù bóyá àpò oúnjẹ rẹ̀ ti tán, mo ní ó kù ju ìdajì lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Oníṣirò, ta ló tún mọ nǹkan tọ́jú bíi tìrẹ?" Mo gba oríyìn yẹn, mi ò sì sọ bí mo ṣe ṣe é.

Ìgbín wẹ́wẹ́ ló ń jẹ ẹ̀fọ́ mi lẹ́yìnkùlé, mi ò sì fẹ́ ra oògùn tí wọ́n ń wọ́n sí i. Lọ́jọ́ kan, mo rí Tètèdé tó gbé ọ̀kan mì, ni mo bá ṣírò rẹ̀: ẹ̀fọ́ á là, ajá á yó. Fèrè kékeré tí ẹ ní kí n máa fi pè é wá jẹun, etí ebè ni mo ti ń fọn ọ́n láràárọ̀. Mo tilẹ̀ ń ka iye ìgbín tó ń jẹ. Lọ́jọ́ tó jẹ mọ́kànlélógún, mi ò bu oúnjẹ kankan fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mo ní eruku aṣọ ni. Nígbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta ẹnu ọ̀nà mọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ó ní, "Màmá, kí ló ń jẹ?" Mo ní, "Oúnjẹ inú àpò ni." Ojú ló tì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Oògùn ikọ́ ló fún un, ọjọ́ mẹ́ta sì lọ lásán. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀, kò sì fẹ́ dá. Mo sáré padà, mo jẹ́wọ́, títí dórí mọ́kànlélógún.

Dókítà wò mí. "Ẹ tún jókòó, ẹ kà á?" Ó ní aràn tín-ín-rín máa ń wà nínú ara ìgbín, ikùn ajá ló ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró. "Ẹ ò bá ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́!"

Tètèdé ti ń lo oògùn aràn báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, ó sì ń mu omi, ṣùgbọ́n dókítà ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí òun tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tètèdé kò kọ fèrè mi rí. Láàárọ̀ yìí, mo fọn ọ́n kó wá jẹun nínú abọ́. Ó rọra dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ kọjá, ó lọ dúró létí ebè, ó ń wojú mi. Mo gbé e padà wọlé.

Mo ti di fèrè náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹnu ni màá máa fi pè é. Oríyìn yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa. Bí àwọn ọmọ bá bèèrè ajá wọn, ẹ má ṣe parọ́ fún wọn nítorí tèmi.

Èmi tí ẹ fọkàn tán ni,
Àbúrò yín,
Oníṣirò.