Ọgbẹ́ Inú Mi Kò Ti Ọwọ́ Alice Wá

Èmi, Jòsáyà Fágbuyì Akínyẹmí, agégẹdú, ọmọ bíbí Ìtàjí-Èkìtì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ìwé kẹta ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n bí mo bá wo igi lóòró, mo mọ iye pákó tí yóò bọ́ nínú rẹ̀. Orí mi pé. Kò sí ẹni tó fi ọtí tàbí ẹkún mú mi kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ìwọ Festus Ajíbóyè, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìntì, tí mo fi ṣe alámòójútó ìpíngún yìí, ẹ gbọ́.

1. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi jẹ́ ti Délé, àkọ́bí mi. Kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wọ ìlú yìí tí kò ní rí òrùlé rẹ̀. Ìrókò ni gbogbo pákó inú rẹ̀, èmi ni mo là á. Yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún kò sí lára ohun tí mo fún Délé o. Màá sọ ìdí rẹ̀.

2. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì méjèèjì jẹ́ ti Yétúndé. Ẹ lè rẹ́rìn-ín pé obìnrin ni. Nínú gbogbo yín, òun nìkan ni àwọn oníṣòwò pákó Ìkọ̀lé ń bẹ̀rù.

3. Ewúrẹ́ mi márààrún ni mo fún Morìnsọ́lá, àbúrò mi. Ewúrẹ́ kì í gbé ọ̀rọ̀ kiri, wọn yóò bá a gbé dáadáa. Òun ló sọ fún mi ní 1995 pé, “Ulé rẹ ni ọ̀tá rẹ wà.” Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á gbọ́. N kò ní gbé ẹ̀bi kọ́ ọ lọ́rùn kí ọrùn tèmi lè fúyẹ́.

4. Ọdún yẹn ni iná bẹ̀rẹ̀ sí jó mi lókè inú, níbi tí egungun àyà parí sí. Bí ebi bá ń pa mí, á máa jó. Bí mo bá jẹun, á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò tún dé. Mo rù. Lọ́jọ́ kan mo jẹ iyán tí Alice Ọmọ́yẹni, ìyàwó mi, gún. Mo bì, ẹ̀jẹ̀ ni, ó dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Mo dìde nínú ìpàdé ẹbí, mo ní obìnrin yìí ti fún mi ní májèlé jẹ. Alice kò bá mi jà. Ó ní, “Bàbá Délé, abọ́ kan náà la jọ fi ọwọ́ bọ̀.” Mo ní kó dákẹ́. Délé ló bá a gbé ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀tùn. Wọ́n ní títí di òní, bí ó bá bu oúnjẹ níbi ìkómọ, àwọn ènìyàn á máa wojú ara wọn.

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, ìgbẹ́ mi dúdú, ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà títì, mo sì ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọsibítù ní Ìdó, dókítà obìnrin kan tí kò ju ọmọ-ọmọ mi lọ ki rọ́bà tín-ín-rín tó ní iná lórí bọ̀ mí lọ́fun. Ó ní ọgbẹ́ wà níbi tí àpòlúkù ti já sí ìfun. Ó béèrè ohun tí mo ń lò sí ara ríro. Mo fi yangàn fún un: ogójì ọdún, láràárọ̀, kí n tó fi nǹkan kan ẹnu, ìdì oògùn oníyẹ̀fun méjì, ife ògógóró kan, mo ti wọ igbó. Mo tilẹ̀ yọ ọ́ lápò hàn án. Ó ní, “Bàbá, èyí wà lára ohun tó dá ọgbẹ́ náà sí yín nínú.” Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan tún wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó láti kékeré láìmọ̀, òun àti oògùn mi ni wọ́n jọ ń jẹ awọ inú mi. Mo ní ata ńkọ́? Ó ní ata lè ta ọgbẹ́, kò dá a. Mo ní ọwọ́ ènìyàn ńkọ́? Ó ní, “Ọwọ́ ta, Bàbá?”

Ó fún mi ní oògùn, ó ní n kò gbọdọ̀ lá ìyẹ̀fun yẹn mọ́. Ọgbẹ́ náà jinná.

5. Jíjinná rẹ̀ gan-an ló há mi mọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dúró de ikú mi, ṣùgbọ́n dókítà ní mo lè pẹ́ láyé. Alice ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Bí ara mi ṣe ń le sí i ni ọjọ́ tí yóò fi ru orúkọ apani ń gùn sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti múra láti lọ sí Ọ̀tùn. Lẹ́ẹ̀kan mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, ọ̀kan ní, “Baba, Ọ̀tùn ni àbí?” Mo ní Ìkọ̀lé ni, mo sì lọ sí Ìkọ̀lé. Èmi tí igi tí ènìyàn mẹ́fà kò lè gbá mọ́ra kò bà lẹ́rù rí.

Nítorí náà, yàrá ìsàlẹ̀ náà jẹ́ ti Alice, pẹ̀lú oko kòkó mi ní Àsin, ì báà padà, ì báà má padà. Kò jẹ mí ní ọpẹ́.

Kí Festus má dúró de ikú mi. Kí ó ka ìpín kẹrin àti ìkarùn-ún sókè nínú ìpàdé ẹbí, ní Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, kí Alice wà níbẹ̀. Èmi náà yóò wà níbẹ̀. Mo mọ ara mi. Bí mo bá dìde lọ́jọ́ náà tí mo ní n kò kọ ọ́, tàbí pé ara mi kò dá nígbà tí mo kọ ọ́, ẹ má gbọ́ tèmi. Ẹ ní kí n jókòó. Kí Festus kà á tán.

Mo fi ọwọ́ sí i, n kò tẹ̀ka, ní Ìtàjí-Èkìtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá, ọdún 2003.

J. F. Akínyẹmí

Àwọn tó rí mi bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i, tí wọn kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀:

Ifáṣeun Òjó, alágbẹ̀dẹ
Fìyìnfólúwa Àjàyí, tíṣà